Ìgbéyàwó ń bọ̀, a ò sì fẹ́ jẹ gbèsè: ibo ni owó ti máa ń jò?

Àrẹ̀mọ_Mọ́kọ́lá · Ajé, 7:40 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi àti àfẹ́sọ́nà mi fẹ́ ṣe ìgbéyàwó lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde tó ń bọ̀, n'Ìbàdàn níbí. Olùkọ́ ni mí, nọ́ọ̀sì ni òun. Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì, owó ìfẹ̀yìntì ọ̀hún ò sì tíì délẹ̀. Àwọn òbí tirẹ̀ náà ń tiraka. Ní kúkúrú, àwa méjèèjì la máa gbé èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. A ti ń dá àjọ láti ọdún tó kọjá, owó tó wà lọ́wọ́ wa kì í sì í ṣe kékeré lójú wa, àfi ìgbà tá a jókòó ṣe ìṣirò.

Mọ́mì mi ti kọ orúkọ àlejò 300. Mọ́mì tirẹ̀ ní 350, ó ní òun ti dín in kù náà nìyẹn. Àwọn tí àwa fúnra wa fẹ́ pè ò ju 80 lọ. A ti ṣe mọmí-n-mọ̀-ọ́, ó ku ìdána, kọ́ọ̀tù, ṣọ́ọ̀ṣì àti ìnáwó. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní kí n lọ yá owó nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa, pé gbogbo ẹ̀ á padà wọlé lọ́jọ́ ìnáwó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi í ṣiṣẹ́ jẹun: ibo ni owó ti máa ń jò jù? Kí la lè gé tí ojú ò fi ní tì wá, tí ìjà ò sì ní bẹ́?

Wọlé_Wọ̀de · Ajé, 7:58 àárọ̀

Ẹni tó ní gbogbo ẹ̀ á padà wọlé yẹn, ṣé òun ló máa ṣe onídùúró? Ẹ ní kó wá fọwọ́ síwèé ná.

ÌyáAlásè_Bódìjà · Ajé, 9:15 àárọ̀

Ọmọ mi, ẹ kú ìmúra, Ọlọ́run á jẹ́ ká bá yín yọ̀. Oúnjẹ òde ni mo ń sè láti ìgbà tí kò tíì sí gáàsì ńlá, igi la fi ń dáná lábẹ́ kòkò. Ẹ gbọ́ tèmi kẹ́ ẹ tó gbọ́ ti ẹlòmíì: orí àlejò ni owó wà. Ẹnì kan tẹ́ ẹ bá fi kún un, àga ni, ìrẹsì ni, òkèlè ni (torí á jẹ méjèèjì), ẹran ni, omi ni, ọtí ni, yìnyín tó máa mú ọtí tutù ni, ike tó máa gbà lọ sílé ni. Kẹ́ ẹ máa bá onífọ́tò jà lórí owó táṣẹ́rẹ́ nígbà tí 650 èèyàn ń bọ̀, apẹ̀rẹ̀ lẹ fi ń pọnmi.

Kí n ṣe ìṣirò ìrẹsì fún yín. Kóńgò kan, èèyàn mẹ́wàá là ń kà sí i. Bí àmàlà tàbí iyán bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ó lè jù bẹ́ẹ̀. Àpò 50 kílò máa ń wọn kóńgò tó lé ní 30. Àpò kan á tó nǹkan bí abọ́ 300, bí ẹni tó ń bù ú bá mọ̀ ọ́n bù. Bí alásè bá wá ní kẹ́ ẹ ra àpò mẹ́ta fún 300 àlejò, ẹ bi í léèrè àwọn tó fẹ́ jẹ méjì tó kù.

Ẹran ni ojú ọgbẹ́. Bẹ́ ẹ bá ra odindi màlúù, ẹ ti ra egungun, ìwo àti ohun tó wà nínú ìfun ẹ̀. Ó dáa fún ìnáwó ńlá, torí pọ̀ǹmọ́, ṣàkì, ẹsẹ̀ àti orí á bọ́ sínú ọbẹ̀ àmàlà, kò sí èyí tó ṣòfò. Àmọ́ bí àlejò ò bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ lọ bá alápatà láàárọ̀ kùtù, ẹ fi kílò rà á, kó gé e lójú yín. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹnì kan láti ilé yín, àǹtí kan tó le, tí kì í rẹ́rìn-ín, kó jókòó ti agbada. Kó ka ẹran kí wọ́n tó dà á sínú epo, kó kọ iye ẹ̀ sára páálí. Bí wọ́n bá dín in tán, kó tún un kà. Ẹran máa ń sún kì nínú epo, àmọ́ iye rẹ̀ kì í dín. Bí 400 bá wọlé tí 330 jáde, abẹ́ ìró lèyí tó kù gbà lọ. Alásè ni mí, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Àrẹ̀mọ_Mọ́kọ́lá · Ajé, 12:20 ọ̀sán

Ẹ ṣé gan-an ni, mọ́mì. Àǹtí tí kì í rẹ́rìn-ín yẹn, a ní i nílé, ẹ ò tiẹ̀ mọ bó ṣe le tó. Ọ̀rọ̀ orí àlejò yẹn gan-an ló kà mí láyà. Mi ò mọ ẹnu tí mo máa fi sọ fún mọ́mì mi pé kí wọ́n yọ 200 nínú 300.

Tọ́pẹ́_Kò_Le · Ajé, 12:41 ọ̀sán

Kò le. Ẹ ṣe é fún 50 èèyàn, kẹ́ ẹ ti géètì. Ìgbéyàwó yín ni, kì í ṣe tàwọn mọ́mì. Èmi àti ọkọ mi lọ sí kọ́ọ̀tù, a lọ jẹun nílé àwọn òbí mi, ó parí. Oṣù kejì la san owó ilé ọdún méjì.

Bàbá_Ìbejì_Ẹ̀kọ́tẹ̀dó · Ajé, 3:05 ọ̀sán

Tọ́pẹ́, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yẹn dùn lẹ́nu ni. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ìyá rẹ̀ dúró sí. Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti ń ra aṣọ ẹbí ọmọ ẹlòmíì. Ó lọ síbi òkú, ó lọ síbi ìkómọjáde, ó lọ síbi ìṣílé, ọwọ́ rẹ̀ ò sì ṣófo débì kankan. Ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wọn ní ìwé tí wọ́n ń kọ ọ́ sí: lágbájá ń ṣe ìnáwó, kí kálukú dá iye báyìí. Àjọ ni, kò kàn ń jẹ́ àjọ ni. Ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ni ọjọ́ tó yẹ kó kó tirẹ̀. Ẹ wá ní kó má pe ẹnikẹ́ni. Owó tó ti dá sínú àjọ láti ọjọ́ yìí wá ńkọ́?

Mi ò ní kẹ́ ẹ gba 650 o. Ohun tí mò ń wí ni pé kẹ́ ẹ má bá a du orúkọ. Bẹ́ ẹ bá ń ka orúkọ, ìjà lẹ máa jà: ṣé Ìyá Ṣadé lẹ fẹ́ yọ ni àbí Ìyá Káfáyá? Nígbà tí àbúrò mi obìnrin ń ṣègbéyàwó, kánópì la kà. Kánópì kan, àga 50. A sọ fún ìyá kọ̀ọ̀kan pé, ẹ̀yin ma, kánópì méjì ni tiyín, ẹni tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀. Èyí tó bá lé, ẹ̀yin àti ẹgbẹ́ yín lẹ máa gba kánópì ẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì máa se oúnjẹ abẹ́ ẹ̀.

Mọ́mì wa fajú ro, wọn ò dáhùn ìkíni ẹnikẹ́ni fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ wọn dá owó jọ, wọ́n gba kánópì kan sí i, wọ́n ro àmàlà tiwọn, pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú. Àmàlà yẹn làwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ń sá lọ jẹ. A ò ná kọ́bọ̀ lé e, mọ́mì ò sì tẹ́ lójú ẹgbẹ́ wọn.

Tọ́pẹ́_Kò_Le · Ajé, 3:30 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́. Ọgbọ́n wà nínú kánópì yẹn. Àmọ́ àwọn mo-gbọ́-mo-yà ńkọ́? Àwọn yẹn ò mọ kánópì ta ni.

Dèjì_Àga_àti_Kánópì · Ajé, 6:12 ìrọ̀lẹ́

Ojú mo-gbọ́-mo-yà, Sátidé ló máa ń là. Ẹ ṣe ìdána àti ìnáwó pọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ẹ máa rí i pé àwọn tó bá yín tan ló máa tọrọ àyè níbi iṣẹ́ wá. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, àga àti kánópì wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi tí kò rí ẹni gbà á. Bẹ́ ẹ bá dúnàádúrà, màá gbà. Sátidé Oṣù Kejìlá tí àwọn ará òkè òkun ti dé, kí lẹ fẹ́ sọ fún mi tí màá fi gbọ́? Kété lẹ́yìn Ààwẹ̀ náà ńkọ́, gbogbo ìnáwó tí wọ́n ti so rọ̀ fún oṣù kan ló máa ń já lulẹ̀ pa pọ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ìgbà yẹn, kódà bẹ́ ẹ bá jẹ́ ẹlẹ́sìn Kristi.

Gbọ̀ngàn ńkọ́? Owó tí wọ́n kọ́kọ́ máa pè fún yín, ojú ọ̀nà nìyẹn, ẹ ò tíì wọlé. Ẹ bi wọ́n láwọn ìbéèrè yìí kẹ́ ẹ tó sanwó: Ta ló ń ra epo jẹnẹrétọ̀? Aago mélòó ni wákàtí yín máa parí, èló sì ni wákàtí kan tó bá lé? Ṣé wọ́n á gba owó lọ́wọ́ yín bẹ́ ẹ bá gbé ohun mímu tiyín wá? Ṣé dandan ni kẹ́ ẹ lo alásè wọn àti ẹni tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ fún wọn? Owó ìdúró tẹ́ ẹ máa fi sílẹ̀ nítorí ohun tó bá bà jẹ́, ọjọ́ wo ni wọ́n ń dá a padà? Kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀. Mo ti rí ìdílé tí owó epo àti wákàtí àlékún wọn fẹ́ẹ̀ tó owó gbọ̀ngàn fúnra ẹ̀.

Ọgbà ilé ìwé tàbí gbọ̀ngàn ìjọ yín dáa jù. Kìkì pé lẹ́yìn Àjíǹde, òjò ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kánópì tí omi ò lè gba inú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ béèrè, kẹ́ ẹ wá wò ó kí ọjọ́ tó pé, kẹ́ ẹ tẹ́ tapólì sílẹ̀ níbi ìdáná. Bí òjò bá pa iná alásè, kò sí ẹni tó máa rántí pé ọ̀ṣọ́ yín dáa.

Alága_Ẹnu_Oyin · Ajé, 8:50 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí ẹgbẹ́ mi díẹ̀, wọn ò ní gbọ́. 

Àwọn ẹrù ìdána tó jẹ́ ti àdúrà ò wọ́nwó: obì, orógbó, ataare, oyin, iyọ̀, ìrèké, àádùn. Ìwọ̀nba lẹ nílò, ẹyọ díẹ̀díẹ̀ ti tó láti fi wúre. Iṣu, àpò ìrẹsì, kéègì òróró, ẹja gbígbẹ, ewúrẹ́ àti apẹ̀rẹ̀ èso tí wọ́n fi rọ́bà aláwọ̀ dì bí ẹ̀bùn ọba, àwọn yẹn ló ń jẹ owó. Ilé ìyàwó ló ń kọ ìwé ẹrù, àmọ́ kì í ṣe Bíbélì. Kí ìyá ọkọ tàbí àǹtí kan lọ jókòó pẹ̀lú wọn ní ìrọ̀lẹ́, láìsí ọkọ ìyàwó níbẹ̀, kó ní: "Ẹ̀yin àna wa, ẹ bá wa fi ojú àánú wò ó." Mo ti rí ibi tí iṣu 42 ti di 21, tí ewúrẹ́ di owó inú àpòòwé, tí wọ́n ní kí wọ́n má wulẹ̀ di ẹrù lọ́ṣọ̀ọ́ rárá. Bí ọkọ ìyàwó bá lọ fúnra ẹ̀, wọ́n á ní ó ti ń ka owó kó tó débẹ̀.

Èkejì ni àpòòwé. Owó ìkanlẹ̀kùn, owó ìkàwé fún ọmọ tó ka lẹ́tà, owó bàbá gbọ́, owó ìyá gbọ́, owó ìyàwó ilé, owó ọmọ ilé, owó ìṣíjú ìyàwó. Ẹ béèrè gbogbo ẹ̀ ṣáájú, ẹ di í sínú àpòòwé, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sára rẹ̀. Owó orí náà wà níbẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé ló máa ń dá a padà pé àwọn ò ta ọmọ.

Èyí tí ẹgbẹ́ mi ò ní fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀: ẹ bá alága sọ̀rọ̀ kó tó gba gbohùngbohùn. Owó iṣẹ́ wa yàtọ̀, owó tí à ń gbà lọ́wọ́ ẹbí ọkọ lójú agbo yàtọ̀. Bẹ́ ẹ ò bá ti sọ ibi tí eré máa parí sí, alága ìjókòó á máa ní kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ìdọ̀bálẹ̀ kọ̀ọ̀kan á sì ní owó tirẹ̀. Ní ìdílé tí owó ò pọ̀, alága kan ṣoṣo lè ṣe ìdúró àti ìjókòó. Mo ti ṣe é, ẹ̀rín tó wà níbẹ̀ tiẹ̀ pọ̀ ju ti alága méjì lọ torí èmi ni mò ń bá ara mi jà.

Wọlé_Wọ̀de · Ajé, 9:02 alẹ́

"Èmi ni mò ń bá ara mi jà." Ẹ̀yin ma, tiyín ni màá gbà nígbà tèmi.

Abíkẹ́_Olófì · Ìsẹ́gun, 10:10 àárọ̀

Èmi ló kù tí mi ò tíì sọ̀rọ̀ aṣọ. Òfì ni mò ń tà, Ìsẹ́yìn sì ni àwọn tó ń hun ún fún mi wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí mi sí.

Ẹni tó bá fẹ́ òfì pọ́ọ́kú, kó fún ahunṣọ láyè. Òfì tẹ́ ẹ bá sọ fún wọn ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, àti èyí tẹ́ ẹ ní kí wọ́n parí kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, iye wọn ò lè bára dọ́gba. Kẹ́ ẹ tó lọ rà, ẹ wo inú àpótí àwọn màmá yín. Sányán àti àlàárì àtijọ́ tí wọ́n ti ká síbẹ̀, ó nípọn, ó ń dán, mi ò ní irú ẹ̀ láti tà fún yín. Ọmọ kan wá bá mi lọ́dún tó kọjá pẹ̀lú ẹtù ìyá ìyá rẹ̀. A ò fi kún un ju fìlà ọkọ àti ìpèlé lọ. Lọ́jọ́ náà, gbogbo àgbà ibẹ̀ ló ń fọwọ́ kan aṣọ yẹn, wọ́n ń bi í pé ibo ló ti rí i.

Aṣọ ẹbí wá ni kẹ́ ẹ fetí sí. Ọ̀pọ̀ ìyá máa ń rò pé èrè wà níbẹ̀, pé àwọn á fi owó díẹ̀ lé e láti fi ra ọtí. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ bí àwọn èèyàn bá sanwó. Ìyá á fi owó tiẹ̀ kó léèsì wálé láti Gbági, á pín in fún àwọn èèyàn pé wọ́n á san án bó bá yá. Ìnáwó á kọjá, ọmọ á ti bímọ, owó léèsì á ṣì wà níta. Mo mọ ìyá kan tí kì í kí ọ̀rẹ́ ẹ̀ mọ́ títí dòní nítorí yáàdì márùn-ún. Kí aṣọ má kúrò nínú àpò bí owó ò bá tíì wọlé. Ẹ lè fi fọ́tò aṣọ ránṣẹ́, kẹ́ ẹ gba owó, kẹ́ ẹ tó lọ ra iye tí àwọn tó sanwó bá jẹ́. Tàbí kẹ́ ẹ fi mọ sórí gèlè àti fìlà aláwọ̀ kan náà, kí kálukú wọ aṣọ tó ní nílé. Bó bá jẹ́ ankárá, wọ́n á tún un wọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Àrẹ̀mọ_Mọ́kọ́lá · Ìsẹ́gun, 1:35 ọ̀sán

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ bá mi dá sí ti kọ́ọ̀tù. Wọ́n ní ká ṣe kọ́ọ̀tù lọ́jọ́ Ìsẹ́gun, ká wọ aṣọ funfun, ká gbé kéèkì kékeré lọ, ká tún wá ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sẹ̀ kan náà. Ṣé dandan ni?

Agbẹjọ́rò_Aké · Ìsẹ́gun, 5:20 ìrọ̀lẹ́

Kì í ṣe dandan. Bí ìjọba bá ti fún ṣọ́ọ̀ṣì yín níwèé àṣẹ láti máa so èèyàn pọ̀ lábẹ́ Òfin Ìgbéyàwó, ìsopọ̀ tí wọ́n bá ṣe níbẹ̀ dá dúró lójú òfin. Ẹ máa lọ fi ìwé ìfitónilétí sílẹ̀ lọ́fíìsì ìgbéyàwó ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ra ògiri fún ọjọ́ 21. Bí ẹnikẹ́ni ò bá ta kò ó, wọ́n á fún yín ní ìwé ẹ̀rí tí pásítọ̀ gbọ́dọ̀ rí kó tó so yín pọ̀. Láàárín oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ tẹ́ ẹ fi ìwé yẹn sílẹ̀ lẹ gbọ́dọ̀ ṣe ìgbéyàwó, bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ máa tún gbogbo ẹ̀ ṣe, ẹ ó sì tún sanwó. Nítorí náà, ẹ má tètè lọ jù, ẹ má sì pẹ́ jù. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, kó bọ́ sáàárín aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí méjì ó kéré tán wà níbẹ̀. 

Bó bá jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì yín ò ní ìwé àṣẹ, ẹ lọ sí kọ́ọ̀tù láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ọ̀sán pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì, kẹ́ ẹ wọ aṣọ tó mọ́. Kò sí ibi tí òfin ti mẹ́nu kan kéèkì. Ẹ lọ fúnra yín, kẹ́ ẹ sanwó níbi tí wọ́n ti ń gba owó, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì. Àwọn tó ń dúró lẹ́nu géètì pé àwọn á bá yín "ṣe é kíákíá", owó méjì lẹ máa san.

Nípa ti "owó á padà wọlé": láti 2007 ni Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti sọ ọ́ pé fífọ́n náírà síni lára lóde àríyá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ ò dín ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní 50,000 náírà, tàbí méjèèjì. Wọn kì í sábà mú un lò tẹ́lẹ̀, àmọ́ ní 2024 ilé ẹjọ́ ti dá àwọn gbajúmọ̀ lẹ́bi lórí ẹ̀. Òfin yẹn kan náà ló ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ta owó bébà. Nítorí náà, owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi ra owó tuntun lọ́wọ́ àwọn tó ń pàtẹ ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ fi sápò.

Ọmọ_Pẹ́kàm · Ìsẹ́gun, 11:48 alẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé tiẹ̀ rí ara yín gbọ́. Ìlú Ọba ni mo wà. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé láti Lọ́ńdọ̀nù lẹ ti ń pè, iye ọjà á fò sókè. Nígbà tèmi, ẹnì kan sọ iye kan fún mi lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wọ sílípáàsì, ó lọ bá ẹni yẹn kan náà lójúkojú pé ìgbéyàwó ọmọ òun ni. Ìlàjì ohun tí wọ́n pè fún mi ni wọ́n pè fún un. Láti ìgbà yẹn, orúkọ mi ò jáde níbì kankan mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń ṣe ìnáwó.

A ti kọ́kọ́ ṣe ti òfin níbí. Ẹ máa fi ìfitónilétí ọjọ́ 28 sílẹ̀, ó lè jù bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. A lọ pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì, a jẹun ní ṣọ́ọ̀bù àmàlà kan, a padà síbi iṣẹ́. Ìdána nìkan la wá ṣe nílé. Lọ́yà, ṣé ó yẹ ká tún lọ sí kọ́ọ̀tù n'Ìbàdàn?

Agbẹjọ́rò_Aké · Ọjọ́rú, 8:05 àárọ̀

Rárá. Bẹ́ ẹ bá ti ṣe é níbẹ̀ bó ṣe tọ́, tọkọtaya ni yín. Ẹ tọ́jú ìwé ẹ̀rí yẹn dáadáa.

Ìyá_Sàìdì · Ọjọ́rú, 9:30 àárọ̀

Àṣàlámù àlékùm. Èmi ń gbọ́ yín, ó ń ṣe mí bíi pé kí n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni wọ́n so yìgì ọmọ mi ọkùnrin. Àwọn èèyàn ti wá kírun tẹ́lẹ̀, àga ò sí, orí ẹní ni gbogbo wa jókòó sí. Ọkọ san sàdáàkì lójú gbogbo wa, Àfáà ṣe wáàsí, a pín mọ́ínmọ́ín eléwé àti súnúǹbù, ká tó gbọ́ ìpè Àsárì, gbogbo ẹ̀ ti parí. Ẹbí ìyàwó fẹ́ oníjùjú, bàbá wọn ló dá wọn lóhùn pé kí ẹni tó fẹ́ jó lọ jó nílé ẹ̀.

Àrẹ̀mọ_Mọ́kọ́lá · Àìkú, 8:15 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ní kí n wá jábọ̀. Àǹtí mi bá àwọn àna mi jókòó lánàá, iṣu ti di 21, wọ́n sì ní ká fi apẹ̀rẹ̀ èso sílẹ̀. Lónìí lẹ́yìn ìsìn, àwa àti àwọn mọ́mì méjèèjì jókòó sórí ọ̀rọ̀ kánópì. Kánópì méjì fún ìyá kọ̀ọ̀kan, méjì fún àwa, torí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn pọ̀. 300 ni gbogbo ẹ̀. Mọ́mì mi ò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ta ló kọ́ ẹ lọ́gbọ́n yìí?" Kí n tó dáhùn, ó ti gbé fóònù, ó ń pe ìyá ẹgbẹ́ wọn pé wọ́n máa gba kánópì tiwọn, kí wọ́n má jẹ́ kí ojú ti òun. Mọ́mì tirẹ̀ gbọ́, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ó ti di ìdíje báyìí, mi ò dá sí i.

Ọgbà ilé ìwé wa la máa lò, ọ̀gá àgbà ti fọwọ́ sí i. Ọjọ́bọ̀ ni ìdána, ṣọ́ọ̀ṣì àti ìnáwó jẹ́ Ọjọ́ Ẹtì. Mi ò yáwó. Ìbéèrè tó kù: ọjà oúnjẹ, ṣé ká rà á nísinsìnyí tàbí ká dúró? Ohun mímu ńkọ́?

ÌyáAlásè_Bódìjà · Àìkú, 9:40 alẹ́

Inú mi dùn. Ẹ bá mi kí mọ́mì yín.

Ìrẹsì, ẹ má rà á bí Kérésì bá ti ń kanlẹ̀kùn. Ẹ rà á ṣáájú, tàbí kẹ́ ẹ dúró di Oṣù Kìíní. Ẹ wá ibi gbígbẹ tọ́jú ẹ̀, kó má kan ilẹ̀, kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nítorí kòkòrò. Epo pupa, Oṣù Kejì sí Oṣù Kẹta ló máa ń pọ̀, ẹ rà á sínú kéègì nígbà yẹn. Àlùbọ́sà náà máa ń pọ̀ lọ́jà nígbà yẹn, àmọ́ ọ̀sẹ̀ ìnáwó ni kẹ́ ẹ rà á, kó má bàa rà. Tòmátì ló máa fẹ́ fi ojú yín rí nǹkan, torí bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ó máa ń gbówó lórí. Ẹ jẹ́ kí tàtàṣé pọ̀ nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ fi tòmátì inú agolo dí àlàfo. Iṣu náà, ẹ mọ̀ pé tuntun ò tíì jáde lẹ́yìn Àjíǹde, ti àtijọ́ ló máa wà lọ́jà, ó sì máa ń wọ́n. Nítorí náà, 21 tí wọ́n gbà yẹn, oore ńlá ni wọ́n ṣe yín. Ẹ tètè fowó sílẹ̀ lọ́dọ̀ oníṣu.

Èlùbọ́, kí àwọn mọ́mì ra tiwọn.

Ohun mímu, ẹ rà á lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á lọ́pọ̀, kẹ́ ẹ bá wọn ṣe àdéhùn kẹ́ ẹ tó sanwó pé páálí tẹ́ ẹ ò bá tú, wọ́n á gbà á padà. Ẹ má kó gbogbo ẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan. Kó wà nínú kíláàsì kan tó ní kọ́kọ́rọ́, kẹ́ ẹ máa gbé e jáde ní kánópì-kánópì, kí wọ́n kó ìgò òfìfo wọlé kí wọ́n tó gba òmíràn. Yìnyín, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni kó dé, kì í ṣe aago méje, oòrùn á ti jẹ ẹ́ tán. Kọ́kọ́rọ́ yẹn, ẹ má fún ọ̀rẹ́ ọkọ kankan o, bó ti wù kó jẹ́ ọmọlúàbí tó. Ẹ fún àǹtí tí kì í rẹ́rìn-ín yẹn bó bá ti ka ẹran tán.

Wọlé_Wọ̀de · Àìkú, 9:44 alẹ́

Àǹtí yìí, ṣé ẹ lè bá wa yá a fún Oṣù Kẹjọ?